Ìwé Moróhunkẹ́ àti Òwú Bàbá Rẹ̀

"Kí ni ọmọ náà ń ṣe báyìí?"

"Ó jókòó sí etí odò, Ìyá Àgbà."

"Odò tí ó gbẹ yẹn?"

"Òun náà ni. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ ka orí òkúta, ó ń retí omi."

"Ṣé omi náà dé?"

"N kò mọ̀. Ojú-ìwé parí síbẹ̀."

"Ṣí òmíràn, jọ̀ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ojú-ìwé kan ti tó lóòjọ́."

"Ẹnu mi yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó dára. Jẹ́ kí ọmọ náà sùn sí etí odò. Ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ bá a níbẹ̀."

Ìyá arúgbó tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ìwé rárá. Òwú ni ó mọ̀. Ní ìlú Ìdíòwú, láyé ìgbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Ìyá Onírànwú ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé láràárọ̀ ni ó máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú agbọ̀n òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò máa ran òwú, tí fọ́nrán òwú náà yóò sì máa gùn láti ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé inú kùrukùru ọyẹ́ ni ó ti ń fà á jáde. Ọmọ tí ó ń kàwé fún un ni Moróhunkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ìyá ọmọ náà ti kú láti ìgbà tí ó wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀ ni Láoyè, ọmọ Ìyá Onírànwú, ahunṣọ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pé aṣọ tí ó bá hun lónìí, ọmọ ẹni tí ó rà á ni yóò gbó o.

Nínú ọgbọ̀n ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé Ìdíòwú, Moróhunkẹ́ nìkan ni ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ tí Láoyè mú un lọ, Ògúnsọlá alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bi í léèrè bóyá ìwé ni ọmọ náà yóò máa fi se ọbẹ̀ nílé ọkọ. Láoyè ní bí ọbẹ̀ náà bá jinná, òun yóò ránṣẹ́ pe Ògúnsọlá kí ó wá tọ́ ọ wò. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú Láoyè. Ó mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ń wo òun.

Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni ìdánwò ìwé kíkà. Ìjókòó ilé-ìwé náà kò ju ọgbọ̀n lọ. Lọ́dọọdún, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, alábẹ̀wò kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti ìlú ńlá. Yóò ṣí ìwé sí ibi tí ó bá wù ú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà yóò kà á sókè, yóò sì sọ ohun tí ó kà. Èyí tí ó bá yege yóò gòkè sí kíláàsì tí ó kàn. Èyí tí kò bá yege yóò padà sílé, wọn yóò sì fi ìjókòó rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin tí ó bá padà sílé lè tún wá lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin yìí bá padà sílé, kò sí ẹni tí yóò gbà kí ó tún lọ mọ́. Moróhunkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Nítorí náà ni Láoyè ṣe pinnu pé òun fúnra òun ni yóò ràn án lọ́wọ́. Ahunṣọ ni, ohun tí ahunṣọ sì mọ̀ ni pé aṣọ tí a kò bá gbá pọ̀ dáadáa, atẹ́gùn ni yóò wọ̀ ọ́. Bí òwú bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, a ó fi igi gbá a mọ́ èyí tí ó ṣáájú, gbà, kí ó lè ki. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Ní gbogbo ọ̀sán, bí Moróhunkẹ́ bá ti ilé-ìwé dé, Láoyè yóò mú un jókòó sí ìdí òfì. Bí òwú bá kọjá, kí ọmọ náà pe ọ̀rọ̀ kan. Gbà. Kí ó pe òmíràn. Gbà. Bí ó bá fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ yóò fi ìkùùkù kan igi òfì, etí ọmọ náà yóò sì dún bí agogo. Lẹ́yìn oṣù kan, Moróhunkẹ́ lè sáré ka ojú-ìwé méjì àkọ́kọ́ láìkọsẹ̀. Inú Láoyè dùn. Ó ránṣẹ́ sí Tíṣà Fádìpẹ̀ pé kí ó wá gbọ́.

Tíṣà wá. Moróhunkẹ́ ṣí ìwé, ó ń kà á. Tíṣà mi orí. Moróhunkẹ́ ń kà á lọ. Tíṣà rọra na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú-ìwé náà. Moróhunkẹ́ ń kà á lọ.

"Bàbá Moróhunkẹ́," ni Tíṣà wí, "ọmọ yìí kò kàwé o. Ó ń kọrin ni."

"Ṣé orin náà kò dára ni?"

"Ó dára. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò kì í ṣe oníjó."

Ó ṣàlàyé fún un pé ojú-ìwé tí ọmọ náà kò rí rí ni wọn yóò ṣí fún un, àti pé kíkà láìmọ ohun tí a ń kà kò yàtọ̀ sí jíjẹun lójú àlá. Ó ní kí ẹnì kan máa jókòó tì í lójoojúmọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ọmọ náà máa fi ìka tọ ìlà, kí ẹni náà máa bi í ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Láoyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà lọ tán, ó ní ọ̀lẹ ni Tíṣà náà, òun kò rí ẹni tí ó fi ìsinmi hun aṣọ rí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Onírànwú wà lẹ́yìnkùlé, kò sì sí ọ̀kankan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ Tíṣà. Ìdánwò ku ogún ọjọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ bo ilé àti ọ̀nà. Láoyè kò tíì jí. Ìyá Onírànwú fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó dúró títí ó fi mu ún tán, ó sì ní kí ó lọ gbé ìwé rẹ̀ wá. Ó ní ó wu òun kí òun mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú rẹ̀ tí ariwo fi pọ̀ tó báyìí lórí rẹ̀. Moróhunkẹ́ ṣí ìwé sí ojú-ìwé kẹta, èyí tí kò tíì di orin. Ó wò ó títí. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, àwọn lẹ́tà yìí ń rìn."

Ìyá àgbà kò sọ pé irọ́ ni. Ó ń ran òwú rẹ̀ lọ. "Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"N kò mọ̀."

"Fi ìka lé ọ̀kan lórí, kí ó dúró dè wá. Àwọn tó kù kò ní lọ jìnnà."

Moróhunkẹ́ fi ìka lé ọ̀kan lórí. Ó dúró. Èyí tí ó tẹ̀ lé e náà dúró. Wọ́n ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ewúrẹ́ tí ó mọ olówó rẹ̀, títí tí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ kan, tí ọ̀rọ̀ sì di ìlà kan. Nínú ìlà náà ni wọ́n ti rí ọmọbìnrin kan tí ó gbé ìkòkò lọ sí odò.

Láti ọjọ́ náà, odò ni wọ́n ń lọ láràárọ̀. Nígbà mìíràn, ìlà márùn-ún ni wọ́n ń kà. Nígbà mìíràn, kò ju méjì lọ, nítorí pé Ìyá Onírànwú máa ń fẹ́ mọ irú ìkòkò tí ó jẹ́, àti ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó tẹ̀ lé ọmọ náà. Bí ìwé kò bá sọ ọ́, Moróhunkẹ́ ni yóò rò ó. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, wọn yóò fò ó, wọn yóò sì padà sí i nígbà tí ìlà bá parí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé yóò ti rọ̀. Lọ́jọ́ kan kùrukùru náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Moróhunkẹ́ kà á pé omi ti ń ṣàn bọ̀ láti orísun. Ohùn rẹ̀ ń lọ nínú funfun náà, ó ń padà bọ̀, ó sì dà bí ẹni pé odò náà wà ní ìkọjá ògiri gan-an. Ìyá Onírànwú ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kí omi má baà kàn án.

Báyìí ni ọjọ́ ń lọ, tí ìdánwò fi di ọ̀la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Láoyè pe ọmọ rẹ̀ síta. Ó ti fi ẹ̀kọ sí òwú aró kan láàárọ̀ kí ó lè lágbára, ó sì ta á láti ìdí igi ọdán iwájú ilé títí dé ìdí ọ̀pẹ kan lójú ọ̀nà kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Gbogbo òwú tí Ìyá Onírànwú ran láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, igba fọ́nrán, ó nà gbọọrọ bí òjò tí ó dùbúlẹ̀.

"Ojú-ìwé mélòó lo ti kà?"

"Mọ́kànlá, Bàbá."

"Nínú mélòó?"

"Ogójì."

Láoyè gba ìwé náà, ó ṣí i sí àárín, ó ní kí ó kà á. Moróhunkẹ́ gbé ìka sókè. Bàbá rẹ̀ ní kí ó sọ ìka kalẹ̀, pé alábẹ̀wò kò ní dúró de ìka. Ó di etí rẹ̀ mú. Ó ní kí ó kà á. Àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lẹ́yìn náà wọ́n ń sáré. Moróhunkẹ́ ya ẹnu, kò sí ohun tí ó jáde. Kò sunkún. Ó kàn le gbagidi níbi tí ó dúró sí, bí aṣọ tí a gbàgbé sórí okùn nígbà ọyẹ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbé ohùn sókè ni ó túbọ̀ ń le sí i. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú.

Bí wọ́n ti wà lẹ́nu èyí, ìjì kan dìde láti inú oko. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú eruku pupa, ó ń yí, kò dún rárá. Ó kọjá lórí òwú aró náà, ó gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, igba fọ́nrán ń jó lókè bí ẹja nínú omi. Fún ìṣẹ́jú kan, gbogbo ènìyàn kàn ń wò ó, ó lẹ́wà. Lẹ́yìn náà ni ìjì náà sọ ọ́ kalẹ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òwú náà ti lọ́ pọ̀ di òkìtì kan ṣoṣo.

Láoyè fi etí ọmọ sílẹ̀, ó sáré lọ. Ó rí orí fọ́nrán kan, ó fà á. Ó le. Ó tún fà á, ó le sí i. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ òkìtì náà mọ́lẹ̀, ó fi eyín fà á, kókó ibẹ̀ sì le bí ekùrọ́. Ó lọ sí ibòmíràn, ó tún fà á. Nígbà tí ó di ibi kẹta, òógùn bò ó, ó ké sí wọn nínú ilé kí wọ́n mú ọ̀bẹ wá.

Ìyá rẹ̀ ni ó jáde. Kò mú ọ̀bẹ wá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó bù wá nínú igbá.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe, Láoyè?"

"Mo fẹ́ gé e, Ìyá mi. Ó ti bàjẹ́."

"Kò tíì bàjẹ́. Ìwọ lò ń bà á jẹ́ lọ."

Ó jókòó sílẹ̀, ó wọ́n omi sí òwú náà kí ẹ̀kọ ara rẹ̀ lè rọ̀, ó sì pe Moróhunkẹ́. Ọmọ náà wá. Ó kúnlẹ̀, ó wo òkìtì náà fún ìgbà pípẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan gbé fọ́nrán kan sókè, ó gbà á láàárín méjì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, fọ́nrán náà sì ṣubú sọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó ti ń retí ìpè. Ó mú òmíràn. Àwọn aládùúgbò wò títí, ó sú wọn, wọ́n lọ. Láoyè nìkan ni ó dúró. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń ro ó, ó jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Oòrùn rọ̀. Ẹyẹ ń padà sí orí igi ọdán.

"Báwo lo ṣe ń mọ èyí tí ó kàn láti tú?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Moróhunkẹ́ kò gbé ojú sókè. "Mo ń wo ibi tí ó gbà wọlé, Bàbá. Ibẹ̀ náà ni yóò gbà jáde."

"Bí ó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá fi í sílẹ̀, màá mú òmíràn. Tí mo bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í kọ̀ mọ́."

Láoyè fi ọwọ́ ra ilẹ̀. "Ìwé náà ńkọ́?"

"Bí mo ṣe máa ń kà á náà nìyẹn," ni ọmọ náà wí, "tí ẹ kò bá sí níbẹ̀."

Ìyá Onírànwú wo apá ibòmíràn. Láoyè jókòó síbẹ̀ títí òwú náà fi tú tán. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n fi ọ̀bẹ kàn, ibi mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ ti fi agbára fà. Òun ni ó gé wọn. Nígbà tí ó ṣe tán, ó mú ìwé náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní kí ó ka èyí tí ó bá wù ú fún òun. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àárín orúnkún kí wọ́n má baà gbá nǹkan. Moróhunkẹ́ fi ìka tọ ìlà, ó ka ìlà kan. Ó dúró, ó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni Láoyè wí.

Ó ka òmíràn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ka ojú-ìwé kejìlá tán. Ìyá Onírànwú ní ó tó, kí ọmọ lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí pé sí ojú fèrèsé ilé-ìwé bí àṣà wọn, olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò ti rí ọmọ tirẹ̀. Alábẹ̀wò jẹ́ àgbàlagbà tí awò ojú rẹ̀ máa ń yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Ó pe Ògúnrìndé, ọmọ Ògúnsọlá alágbẹ̀dẹ. Ògúnrìndé kà á bí ẹni tí ajá ń lé, kò mí títí ó fi parí. Alábẹ̀wò bi í pé kí ni ìwé náà sọ. Ògúnrìndé wo ojú fèrèsé, ó ń wá bàbá rẹ̀.

Ó kan Moróhunkẹ́. Ojú-ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni alábẹ̀wò ṣí fún un, ìtàn mìíràn pátápátá. Ọmọ náà dìde. Ó gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Kò sí ohùn. Láoyè wà ní ojú fèrèsé tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ó rí i tí ejìká rẹ̀ ń le. Kò mọ ìgbà tí òun di ìkùùkù tí òun gbé e sókè láti kan pákó fèrèsé. Ó wo ìkùùkù náà. Ó wo inú ilé, ó sì rí i pé òjìji òun ni ó na gbọọrọ wọlé, tí ó bo ìwé ọmọ òun mọ́lẹ̀.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó rọra kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó sí ìdí ògiri níbi tí kò ti lè rí nǹkan kan. Láti ibẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ó ń gbọ́, àti àwọn ẹlẹ́gàn méjì tí wọ́n ń sọ lọ́nà ọ̀hún pé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó fi í bo ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Ó kéré, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan, òmíràn. Ó dúró. Ó fo nǹkan kan, ó tẹ̀ síwájú, ó padà, ó mú un. Láoyè kò mọ ìgbà tí ó parí, nítorí pé ó ti bá ìtàn náà lọ.

"Kí ni ìwé náà sọ?" ni alábẹ̀wò béèrè.

"Ó ní ọkùnrin kan lé àwọn lékeléke kúrò lóko rẹ̀, sà. Ó rò pé àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, kòkòrò sì ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwọn kòkòrò jẹ àgbàdo náà. Ó ti ń wojú sánmọ̀ báyìí, bóyá wọn á padà."

"Èyí tí ó ń wojú sánmọ̀ yẹn, ó wà nínú ìwé?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo rò ó."

Alábẹ̀wò ti awò rẹ̀ sókè. Ó ní ìwé kíkà rẹ̀ kò yá. Ó ní ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí òun ti gbọ́ láàárọ̀ yìí, ọmọ yìí nìkan ni ó dé inú oko náà. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Ìjókòó rẹ ni."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ògúnsọlá bá Láoyè níta. Ó di etí Ògúnrìndé mú, ọmọ náà sì tẹ orí bí ewéko. Ògúnsọlá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń lu ọmọ yìí nítorí ìwé, ó ní kí Láoyè má fi pamọ́ fún òun, kí ni ó fún tirẹ̀ jẹ? Láoyè sọ ti òwú fún un, àti ti ibi mẹ́ta tí òun fúnra òun bà jẹ́. Ògúnsọlá ní òun kò mọ̀ nípa òwú, irin ni òun mọ̀, lílù sì ni irin ń fẹ́.

"Ọmọ ńkọ́?" ni Láoyè béèrè.

Ó rọra yọ ìka Ògúnsọlá kúrò létí Ògúnrìndé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n kọjú sọ́nà ilé. Ọ̀rọ̀ tí ó wẹ̀yìn sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń lọ ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì ń pa lówe títí di òní olónìí:

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko."